Ojú Jọra, Ẹ̀yà Ò Jọra: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Dá Ẹ̀fọn Èkó Mọ̀

  

Ìtàn Èkó la tún fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ọba tàbí ti ìjòyè, kì í ṣe ti Àgùdà tàbí ti Sàró. Ìtàn ẹ̀fọn ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Kò sí ọba tó jẹ ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí ẹ̀fọn ò jẹ, kò sì sí gómìnà tó gúnlẹ̀ sí Marina tí yànmù-yánmú ò kọrin sí létí. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2022, ènìyàn 608,000 ni ibà pa káàkiri ayé, Nàìjíríà nìkan ló sì ni ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kú bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò kò gùn: àmì wo la fi ń mọ ẹ̀fọn kan yàtọ̀ sí òmíràn? Láyé àwọn bàbá wa, bí àlejò bá wọ ìlú, ojú rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ wò. Bó bá kọ pélé, bó bá kọ àbàjà, bó bá kọ gọ̀ǹbọ́, wọ́n á ti mọ ibi tí wọ́n máa darí ìbéèrè sí. Ṣùgbọ́n ilà ojú kò lè sọ èwo ni Táyé, èwo ni Kẹ́hìndé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyẹn ní láti wá àmì mìíràn. Ohun tí ìtàn ẹ̀fọn Èkó máa kọ́ wa nìyẹn: kí èèyàn tó yan àmì, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń bi àmì náà.

Ìlú tí omi yí ká

Ẹni tó mọ Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ pé ọmọ omi ni. Láti Ìgá Ìdúngánràn, èèyàn ò ní rìn jìnnà kó tó dé etí ọ̀sà. Ẹbúté Èrò, Ẹlẹ́gbàtà, Ìdúmàgbò, Àlákòró: kò sí èyí tí kò ní ìtàn omi nínú nínú gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ ibi tí a ti ń ná ọjà tí a sì ń gbé ọkọ̀ sí lónìí, àbàtà ni tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó kó iyanrìn dí i.

Nígbà náà, ohun tí àwọn òyìnbó gbà gbọ́ ni pé afẹ́fẹ́ búburú tó ń ti inú àbàtà jáde ló ń fa ibà. Orúkọ náà gan-an, malaria, èdè Ítálì ni, afẹ́fẹ́ burúkú ló túmọ̀ sí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1897, ní ìlú Secunderabad ní Íńdíà, dókítà kan tó ń jẹ́ Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní 1899, ó wá sí Freetown ní Sàró, ó sì rí àwọn ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri ní ilẹ̀ tiwa níbí. Anopheles costalis ni wọ́n ń pe olórí wọn nígbà náà.

Ọdún 1899 yẹn kan náà ni William MacGregor di gómìnà Èkó. Dókítà ni òun fúnra rẹ̀, nítorí náà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Ross fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ àbàtà, ó ń kó iyẹ̀pẹ̀ dí kòtò omi, ó ń pín kuníìnì fún ará ìlú. Odò tí wọ́n gbẹ́ láàárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní MacGregor Canal, orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́. Àwọn ìyá ìlú náà kò jókòó: ní 1901 wọ́n dá ẹgbẹ́ Lagos Ladies' League sílẹ̀ láti gbógun ti àìsàn tó ń pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́.

Ohun kan wà tí MacGregor ṣe tí mi ò lè fò. Nígbà náà, àwọn onímọ̀ kan láti Yúróòpù ń sọ pé ara àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ni ẹ̀fọn ti ń gba ibà, pé kí àwọn òyìnbó lọ kọ́lé síbi tó jìnnà sí ọmọ onílẹ̀. Ní àwọn ìlú mìíràn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. MacGregor kọ̀ jálẹ̀ ní Èkó. Lójú tirẹ̀, ibà gbogbo ìlú ni, gbogbo ìlú ló sì máa jọ lé e. Ẹ rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ta ni ká dá mọ̀, ta ni ká yà sọ́tọ̀, ti wà nínú ogun ibà. Bí a bá ya ẹ̀fọn sọ́tọ̀ dáadáa, kò ní sí ìdí láti ya ènìyàn sọ́tọ̀.

Àmì wo wá ni àwọn ará ìgbà náà ń lò? Ojú lásán ni. Anopheles máa ń gbé ìdí sókè bó bá bà sára ògiri, àwọn ẹ̀fọn yòókù a dọ́gba pẹ̀lú ògiri. Tanwíjí Anopheles máa ń dùbúlẹ̀ gbalaja sójú omi, ti àwọn yòókù a dorí kodò. Àmì yìí dára. Ọmọ ilé ìwé lè kọ́ ọ láàárín ọ̀sán kan. Ó sì dáhùn ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè: ṣé ẹ̀fọn yìí wà lára àwọn tó lè gbé ibà ni, àbí kò sí lára wọn? Kò lè dáhùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Iyọ̀ tú àṣírí

Ní 1902, Giles sọ ẹ̀fọn kan ní Anopheles gambiae, látàrí ilẹ̀ Gáńbíà. Ní 1903, Theobald sọ òmíràn ní melas. Melas yìí jọ gambiae tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi kà á sí gambiae kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, pé àwọ̀ rẹ̀ ló kàn dúdú díẹ̀.

Etí omi ni wọ́n ti wá rí i pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ibà ń dá àwọn ọmọ ogun jókòó ní àwọn èbúté Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ àbàtà lákọ̀tun. Gilroy àti Chwatt kọ ìwé ní 1945 lórí bí wọ́n ṣe ń gbógun ti ẹ̀fọn nípa gbígbẹ́ àbàtà ní etí òkun Nàìjíríà. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Muirhead-Thomson náà ṣiṣẹ́ lórí gambiae àti melas ní Èkó àti agbègbè rẹ̀, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1948.

Ẹ wo ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Gambiae fẹ́ràn omi òjò: omi inú kòtò, omi ojú ẹsẹ̀ màlúù, omi tí oòrùn ń pa. Melas ní tirẹ̀ lè gbé inú omi oníyọ̀ etí ọ̀sà. Kì í sì í ṣe gbogbo etí ọ̀sà ló ti ń yé ẹyin. Ibi tí igi Rhizophora wà, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ púpọ̀ nínú ẹrẹ̀, tí omi ń wọ̀ tó sì ń jáde lójoojúmọ́, kò bá a lára mu. Ibi tí igi Avicennia wà ló fẹ́ràn, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ń yọ sókè nínú ẹrẹ̀ bí ìka ọwọ́, níbi tó jẹ́ pé ìgbà tí òkun bá kún jù nìkan ni omi ń dé.

Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè ná owó ìlú sórí gbogbo àbàtà Rhizophora, kó gbẹ́ ẹ títí ẹ̀yìn á fi ro ó, síbẹ̀ kí ẹ̀fọn má dín ẹyọ kan. Ó sì lè dí gbogbo kòtò omi òjò inú ìlú tán, kí melas máa ti etí ọ̀sà fò wọlé lálẹ́.

Àmì tuntun ti dé nìyẹn: omi. Wọ́n ń wo ibi tí tanwíjí ti jáde àti bó ṣe lè fara da iyọ̀ tó. Wọ́n tún ń wo ẹyin lábẹ́ máíkírósíkóòpù, nítorí pé pẹpẹ orí ẹyin melas fẹ̀ ju ti gambiae lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pa ẹ̀fọn sára ògiri nílé kan ní Òkè Pópó, tí kò sí ẹyin, tí kò sí omi nítòsí, kí ni wọ́n fẹ́ wò? Àmì tí a ní kò ní dé ọ̀dọ̀ irú ẹ̀fọn bẹ́ẹ̀.

Ọmọ tí kò lè bímọ

Ní àárín ọdún 1950 sí 1960, ìròyìn burúkú jáde láti Àríwá. Ní Ambursa, ní agbègbè Sokoto ayé ìgbà náà tó wà ní ìpínlẹ̀ Kebbi lónìí, wọ́n fọ́n oògùn dieldrin sínú ilé, ẹ̀fọn ò sì kú. Wọ́n kó lára àwọn ẹ̀fọn náà lọ sí London. Níbẹ̀ ni George Davidson ti jẹ́ kí wọ́n gùn pẹ̀lú àwọn ẹ̀fọn tí wọ́n kó láti Èkó, àwọn tí oògùn ṣì ń pa. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bí ọmọ ṣe ń jogún agbára tó ń borí oògùn lọ́wọ́ ìyá àti bàbá rẹ̀. Ó rí ìdáhùn ìyẹn, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1956.

Nígbà tí wọ́n tẹ̀síwájú nínú irú iṣẹ́ yìí, tí wọ́n ń mú ẹ̀fọn láti ibi púpọ̀ ní Áfíríkà gùn ara wọn, ohun tí ẹnikẹ́ni kò wá ló yọjú. Nínú àwọn ìgbéyàwó kan, gbogbo ọmọ ló ń bímọ. Nínú àwọn mìíràn, àwọn ọmọbìnrin ń bí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọkùnrin yàgàn. Ẹ rántí ìbaaka, ọmọ ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Bí ọmọ bá yàgàn báyìí, a jẹ́ pé òbí rẹ̀ méjèèjì kì í ṣe ẹ̀yà kan náà. Ní 1962, Davidson àti Jackson kéde pé ohun tí gbogbo ayé ń pè ní Anopheles gambiae ju ẹ̀yà kan lọ. Wọ́n pè wọ́n ní A àti B. A ló wá jogún orúkọ gambiae gan-an, a sì wá mọ B sí Anopheles arabiensis.

Àmì yìí lágbára. Kò sí ẹ̀rí tó ju pé ọmọ kò lè bímọ lọ. Ṣùgbọ́n ta ló máa sin ẹ̀fọn, tó máa mú wọn gùn, tó máa dúró de ọmọ-ọmọ, kó tó mọ irú èyí tó jẹ ọmọ rẹ̀ lánàá? Àmì tó dájú ni, àmọ́ kò ṣeé lò lójú pópó.

Mario Coluzzi, ọmọ Ítálì, ló wá ọ̀nà tó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń wo krómósómù inú sẹ́ẹ̀lì àwọn abo ẹ̀fọn. Krómósómù wọ̀nyẹn ní ìlà dúdú àti funfun tó tò léra bíi ti aṣọ òfì, ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìlà náà sì yàtọ̀ láti ẹ̀yà dé ẹ̀yà. Ní Garki, tó wà ní ìpínlẹ̀ Kano nígbà náà, tó bọ́ sí Jigawa lónìí, WHO àti ìjọba Nàìjíríà ń ṣe iṣẹ́ ńlá láti lé ibà lọ ní àwọn ọdún 1970 sí 1976. Wọ́n fọ́n oògùn sára ògiri ilé títí, ibà ò lọ. Ní 1977, Coluzzi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi krómósómù hàn pé àwọn ẹ̀fọn ibẹ̀ kò ní ìwà kan náà: bí ìlà ara krómósómù wọn ṣe yàtọ̀ ni ìfẹ́ wọn láti sinmi sínú ilé tàbí síta ṣe yàtọ̀. Àwọn tó ń sinmi síta kò fara kan oògùn ara ògiri rí. Lójú gbogbo èèyàn, ẹ̀fọn kan náà ni wọ́n.

Àmì Coluzzi náà ní ààlà tirẹ̀. Abo nìkan ló ṣeé lò fún, abo ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹyin inú rẹ̀ ti gbó dé ìdajì. Akọ ò ṣeé lò, èyí tó ti gbẹ ò ṣeé lò.

DNA wọlé

DNA, bí ẹ ṣe mọ̀, dà bí ìwé tí a fi lẹ́tà mẹ́rin péré kọ: A, C, G àti T. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló ní ẹ̀dà ìwé náà, ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀fọn kan ṣoṣo, bó tilẹ̀ ti gbẹ, fi tó fún iṣẹ́. Ẹ̀rọ PCR, tí gbogbo ayé gbọ́ orúkọ rẹ̀ nígbà kòrónà, máa ń ṣe àdàkọ ojú ìwé kan ní ọ̀pọ̀ ìgbà títí a ó fi lè rí i.

Ní 1993, Scott, Brogdon àti Collins yan ojú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní IGS, àlàfo tó wà láàárín àwọn jíìnì kan. Wọ́n rí i pé gígùn rẹ̀ yàtọ̀. Bó bá jẹ́ lẹ́tà 390, gambiae ni. Bó bá jẹ́ 315, arabiensis ni. Bó bá jẹ́ 464, melas ni. Ẹ̀yà kan tó ń jẹ́ merus, tí tirẹ̀ jẹ́ 466, wà ní etí òkun Ìlà Oòrùn Áfíríkà, nítorí náà kò lè da iṣẹ́ rú ní Èkó. Ohun tó gba Muirhead-Thomson ní iyọ̀ àti ẹyin, tó gba Davidson ní ìgbéyàwó àti ọmọ-ọmọ, ó ti di iṣẹ́ ọjọ́ kan nínú yàrá ìwádìí. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn NIMR ní Yábàá wà lára àwọn tó ti ń lo irú àmì yìí láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 2003, Paul Hebert ti Yunifásítì Guelph ní Kánádà mú àbá kan wá tó gba ayé. Ẹ mọ àwọn ìlà dúdú tó máa ń wà lára páálí ọjà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, tí ẹ̀rọ fi ń mọ iye owó rẹ̀. Bákóòdù ni wọ́n ń pè é. Hebert ní kí a ṣe bákóòdù fún gbogbo ẹ̀dá. Ojú ìwé kan náà ni kí a máa kà lára gbogbo ẹranko àti kòkòrò: jíìnì kan tó ń jẹ́ COI, nǹkan bíi lẹ́tà 650. Ẹni tó bá rí kòkòrò tí kò mọ̀, kó ka COI rẹ̀, kó sì fi wé àwọn tó wà nínú àkójọ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ COI? Ìdí tó wà níbẹ̀ dáa. Inú máítókóńdríà ni jíìnì náà wà, sẹ́ẹ̀lì kan sì ní máítókóńdríà púpọ̀, nítorí náà DNA rẹ̀ kì í tètè tán lára òkú kòkòrò tó ti pẹ́. Gbogbo kòkòrò ló ní in. Láti 1994 ni Folmer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin tó ń bá ọ̀pọ̀ ẹranko mu, tí PCR fi lè dì í mú. Ó ń yí padà kíá tó láti ya ẹ̀yà sọ́tọ̀, kò sì yí kíá jù débi tí ọmọ ìyá kan á fi dà bí àlejò síra wọn. Ọ̀pọ̀ kòkòrò ló ti gba orúkọ nípasẹ̀ rẹ̀. Mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú.

Ṣùgbọ́n ẹ mú COI wá sí Èkó, ẹ fi wo ìdílé gambiae. Gambiae àti arabiensis lè gbé COI kan náà. Ẹ̀yà méjì tí ọmọkùnrin wọn ń yàgàn bí wọ́n bá gùn ara wọn, bákóòdù á ní ọ̀kan ni wọ́n.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà sí ohun tí a mọ̀ nílé. Ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni ẹ̀dá ti ń jogún máítókóńdríà. Ẹni tó bá ń ka COI dà bí ẹni tó ń fi oríkì ìdílé ìyá nìkan mọ ọmọ. Ẹ rántí pé àwọn ọmọbìnrin àdàlù ṣì ń bímọ. Bí abo arabiensis bá fẹ́ akọ gambiae nígbà kan rí, tí ọmọbìnrin wọn sì padà lọ fẹ́ gambiae, tí ọmọ-ọmọ tún ṣe bẹ́ẹ̀, ìran náà á di gambiae ní gbogbo ọ̀nà, ṣùgbọ́n oríkì ìyá àgbà, ti arabiensis, kò ní kúrò lẹ́nu wọn. Ní 1994, Besansky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn pé irú ìdàpọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ nínú ìdílé yìí, ọdún mẹ́sàn-án kí bákóòdù tó lórúkọ. Ní 2015, Fontaine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka gbogbo ìwé DNA àwọn ẹ̀yà náà. Wọ́n rí i pé ìdàpọ̀ ọ̀hún pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni rò lọ. Krómósómù X ló di ìtàn ìyapa wọn mú jù. Orí X yẹn náà sì ni IGS wà.

Bí ẹ bá ní kí n sọ èyí tó gbàfiyèsí mi jù nínú gbogbo ìtàn yìí, òun nìyẹn. Àmì tí àwọn kan yàn ní 1993 nítorí pé ó ṣeé lò wá jẹ́ àmì tó jókòó síbi tí òtítọ́ wà.

Báwo la ṣe ń yan àmì?

Ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Nígbà tó di 2001, della Torre àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé gambiae gan-an, A ti Davidson, tún pín sí méjì ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n pè wọ́n ní M àti S. Àwọn méjèèjì wà ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà. S fẹ́ràn omi òjò tí kì í pẹ́ gbẹ, M fẹ́ràn omi tó dúró pẹ́. Gígùn IGS ti 1993 kò lè yà wọ́n, lẹ́tà 390 ni àwọn méjèèjì. Ní 2008, wọ́n wá rí ẹyọ DNA kan tó fò wọ inú krómósómù X M tí kò wọ ti S: bí PCR bá mú lẹ́tà 479 jáde, M ni, bó bá mú 249 jáde, S ni. Ní 2013, wọ́n fún M ní orúkọ tirẹ̀, Anopheles coluzzii, láti fi bọlá fún Coluzzi tó kú ní 2012.

Nítorí náà, bí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kòkòrò ní yunifásítì bá bi mí pé àmì wo ló dára jù, ohun tí màá sọ rèé. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bí àwọn ẹ̀yà tí ẹ fẹ́ yà ṣe jìnnà síra wọn tó. Bí wọ́n bá ti yapa láti ọjọ́ pípẹ́, COI tó. Bí wọ́n bá jẹ́ ìbejì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yapa, ẹ wá àmì tó wà níbi tí wọ́n ti yapa. Ẹ béèrè ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ti jogún rẹ̀, ìyá nìkan ni tàbí òbí méjèèjì. Ẹ béèrè bóyá DNA òkú kòkòrò tó wà lọ́wọ́ yín tó fún un. Ẹ béèrè bóyá àkójọ tí ẹ fẹ́ fi wé e ní kòkòrò ilẹ̀ wa nínú, nítorí orúkọ tí kò sí nínú ìwé, kò sí ẹni tó lè pè é jáde níbẹ̀. Bí ó bá sì ṣeé ṣe, ẹ má fi àmì kan ṣoṣo dájọ́.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má fi àmì kan dájọ́ rèé. Ẹ̀fọn kan wà tó ń jẹ́ Anopheles stephensi, ará Éṣíà ni. Wọ́n rí i ní Djibouti ní 2012, wọ́n rí i ní Ethiopia ní 2016, wọ́n sì rí i ní Nàìjíríà níbí ní 2020. Kò dúró de àbàtà. Tánkì omi, dúrọ́ọ̀mù, kànga àárín ìgboro, ibẹ̀ ló ti ń yé ẹyin. Ẹ wá fi ojú inú wo Ìdúmọ̀tà àti Ìsàlẹ̀ Èkó, pẹ̀lú gbogbo tánkì tó wà lórí ilé àti gbogbo kẹ́ẹ̀gì tó wà lẹ́yìnkùlé. Bí ẹ̀fọn yẹn bá wọ ibẹ̀, tí ẹni tó mú un sì lo àmì IGS ti ìdílé gambiae nìkan, ó lè má rí èsì kankan, kó sì rò pé iṣẹ́ ló bàjẹ́, kó da ẹ̀fọn náà nù. COI, tó kùnà lọ́dọ̀ àwọn ìbejì gambiae, ló máa kígbe nínú ọ̀ràn yìí pé àlejò ti wọlé. COI àti òmíràn tó ń jẹ́ ITS2 ni àwọn onímọ̀ sì ń lò láti fìdí ọ̀rọ̀ stephensi múlẹ̀.

Láti ìgbà MacGregor títí di òní, kò sí àmì kan tó sọ èyí tó ṣáájú rẹ̀ di asán. Ẹni tó ń wá tanwíjí ní gọ́tà ṣì ń wo bó ṣe dùbúlẹ̀ sójú omi. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní etí ọ̀sà ṣì ń ròyìn iyọ̀. Àmì kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè tó mọ̀ ọ́n dáhùn, ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ bá sì dópin, ká gbé òmíràn.

Ibi tí a ó ti dánu dúró nìyí lónìí. Ẹ bo tánkì omi yín, ẹ da omi inú táyà àtijọ́ nù, ẹ sì sùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, nítorí títí àwọn onímọ̀ á fi mọ irú èyí tó jẹ yín, ó ti jẹ yín tán. Ó dìgbà kan ná.